Ẹ̀jẹ̀ Báńkì

Ọdún méjì gbáko ni obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn ẹranko kan fi ń kọ "kò sí àrùn" sínú ìwé ajá kan ṣoṣo láì tilẹ̀ fojú kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Báńkì ni wọ́n ń pe ajá ọ̀hún, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ fún ajá oníbàárà tó bá nílò rẹ̀. Ó sanra, irun rẹ̀ ń dán, ó sì ń jẹun bí àna tuntun tí wọ́n ń kẹ́. Obìnrin náà rò pé ẹni tí ara rẹ̀ dá tó báyìí kò nílò àyẹ̀wò. Èrò náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni. Àrùn tí eégbọn ń gbìn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ara tó sanra, kí ó má fọhùn títí yóò fi bọ́ sára ẹlòmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ajá rẹ̀ wọlé. Alùpùpù ló kọ lù ú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán.

"Àràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ já eégbọn lára ẹ̀," ni bàbá wí. "Kẹ́ ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ kankan sí i lára, mo fẹ́ fojú ara mi wò ó nínú ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹn. Ìṣirò ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ. N kì í gba ìdáhùn láì rí bí wọ́n ṣe ṣe é."

Báyìí ni obìnrin náà ṣe kán ẹ̀jẹ̀ Báńkì sórí gíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ní méjì-méjì, wọ́n rí bí omijé tó forí kan ara wọn. Ó rántí ajá mẹ́rin tó gba ẹ̀jẹ̀ Báńkì, tí ibà sì pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ó fa dókítà wọ yàrá oògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, òun ló sì ni ilé ìwòsàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Báńkì ti kó àrùn eégbọn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún bàbá, kí wọ́n yàn fúnra wọn."

"Kí wọ́n wá lọ sọ fún àwọn tí ajá wọn ti kú?" Ó ju ìwé Báńkì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọwọ́ ta nìyí? Tèmi ni?"

Oṣù mẹ́rìnlélógún, ọwọ́ obìnrin náà ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn.

"Mo rán ẹ níléèwé kó o lè mọ̀wé kọ. O sì mọ̀ ọ́n kọ lóòótọ́."

Wọ́n ní adìẹ kì í já eégbọn lẹ́nu kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ti obìnrin yìí burú jù bẹ́ẹ̀: òun náà ti wà nínú ẹnu ọ̀hún tipẹ́.

"Kí wá ni màá fi han bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò sí lára tìẹ ni? Tíṣà ò mọ ti ajá yàtọ̀ sí tèèyàn."

Ó gún ìka ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì tuntun. Lẹ́yìn náà ló lọ fa ti Báńkì kún àpò kan. Ajá náà na ẹsẹ̀ fún un, ó ń jùrù.

Bàbá yọ awò ojú, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó mọ́ roro! Ẹ̀jẹ̀ ọmọlúàbí nìyí." Ó yíjú sí i. "Ọmọ mi, ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Obìnrin náà tú okùn àpò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọlé. Ajá bàbá fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni bàbá ń wí, ó sì dì í mú ṣinṣin fún wọn.