Jẹ́lì Tí Èèrà Ò Yà Wò

3.

…tí kò sì dì. Omi ni. Omi pupa lásán, tí àwọn ègé ìbẹ́pẹ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ bí ọmọ tó ríbi ṣeré.

Adépéjú gbé abọ́ náà jáde látinú kúlà Alimat, láàárín omi dídì. Ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Ó ń dún pọ̀ṣọ̀pọ̀ṣọ̀.

"Ó yẹ kó máa gbọ̀n ni," ó wí. "Kò yẹ kó máa dún."

(Àjákù kìíní àti ìkejì ò sí lọ́wọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá wọn. Gbogbo ohun tó wà nínú wọn ni pé obìnrin kan fi ìgbàgbọ́ gbé ìkòkò kaná.)

4. ÌKÉDE TÍ WỌ́N KÀ NÍ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ, OSI

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún Bàbá wa, Bàbá Ìbítóyè, àgbẹ̀ oníṣu. Ẹ wọ funfun. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré. Oúnjẹ á kárí. Ọmọ wọn obìnrin, Arábìnrin Princess, ń gbé kéèkì alájà mẹ́ta bọ̀ láti Ìlọrin. Ògo ni fún Ọlọ́run.

5.

Èèrà ló kọ́kọ́ tú àṣírí Bàbá.

Adépéjú, ìyàwó Fẹ́mi tó jẹ́ àkọ́bí Bàbá, ló rí wọn. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí Bàbá máa ń tọ̀ sí. A gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn ní Iloffa, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Lẹ́yìn náà ni egbò yọ sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò san. Òjò ọdún kan lọ, òjò ọdún kejì dé, kò san. Adépéjú ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń dì í, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná ni.

Dókítà ní bí egbò náà bá tún padà wá, kì í ṣe oògùn làwọn máa mú jáde. Ayùn ni.

6. BÍ WỌ́N ṢE SỌ Ọ́ NÍ Ọ̀DẸ̀DẸ̀

BÀBÁ: Lọ́jọ́ Àìkú, mà á jẹ kéèkì mi.

ADÉPÉJÚ: Àjàmú, Bàbá mi, ẹ foríjì mí. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?

BÀBÁ: Ṣé ẹsẹ̀ ló fẹ́ jẹ kéèkì ni?

ADÉPÉJÚ: Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́, òun ló máa sanwó.

BÀBÁ: Gbọ́. Mi ò mu mínírà mọ́. Mi ò bu ṣúgà sí ògì mọ́. Ẹ ní kí n dín uṣu kù, èmi tí mo fi uṣu kọ́ ulé! Kí ló wá kù? Ẹ jẹ́ kí nǹkan dídùn kan kan ẹnu mi lọ́jọ́ tí mo pé ọgọ́rin, kí n tó lọ rí Ẹlẹ́dàá mi.

ADÉPÉJÚ: Irú dídùn wo, Bàbá?

BÀBÁ: (ó rò ó) Èyí tó ń gbọ̀n yẹn. Tí wọ́n pín fún wa níbi ìgbéyàwó Dámiláre. Mo fi ṣíbí kàn án, ó ń jó fún mi.

ADÉPÉJÚ: Jẹ́lì.

BÀBÁ: Bó bá gbọ̀n, tó sì dùn, mo fi kéèkì sílẹ̀ fún gbogbo yín. Bí kò bá gbọ̀n, tàbí tí kò dùn, kí ẹnikẹ́ni má di ọwọ́ mi mú.

ADÉPÉJÚ: Mo gbọ́, sà.

BÀBÁ: Ṣe àmín.

ADÉPÉJÚ: Àmín.

7.

Jẹ́lì inú páálí, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí kò ní ṣúgà ò sí ní Osi, kò sí ní Idofin. Iná ìjọba ò sì tíì dé láti ọjọ́ tá a ti ń retí rẹ̀, kúlà Alimat, aládùúgbò tó ń ta omi tútù, nìkan ló tutù ní àdúgbò. Alimat sì ti sọ tirẹ̀ fún Adépéjú:

"Ìyá Dárasími, mi ò mọ ẹran tí wọ́n fi ṣe tinú páálí yẹn o. Bó bá lọ jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Kò ní wọ kúlà mi láéláé. Ẹsẹ̀ màlúù ni kó o sè. Ṣé o ò rí i pé ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń dì tó bá sùn? Yàkúbù ọkọ mi á fún ẹ. Bísímílà ló fi pa á."

8. BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ẹsẹ̀ màlúù. Fi iná wì í. Ha á. Fọ̀ ọ́.

Sè é, da omi àkọ́kọ́ nù. Ibẹ̀ ni òórùn wà.

Tún un sè títí egungun á fi bọ́ lára ẹran. Máa kọrin. Orin kan ò tó.

Sẹ́ ẹ. Kó ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ pátá.

Omi ìṣápá pupa tá a ti sè pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù. Dà á pọ̀ mọ́ ọn.

Ìbẹ́pẹ pípọ́n díẹ̀, gé e wẹ́wẹ́, kí ó lè dùn.

Kúlà.

Àdúrà.

Ó tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti rí ohun tó jáde, lókè lọ́hùn-ún.

9.

*Olúwa, àbí Ìwọ náà wà lẹ́yìn kéèkì ni?*

10. LÓRÍ FÓÒNÙ

PRINCESS: Ìyàwó wa! Mo gbọ́ pé ò ń fi ẹsẹ̀ màlúù ṣe ìpápánu 😂

ADÉPÉJÚ: Jẹ́lì ni, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀ tèmi. Ẹ kú ìmúra.

PRINCESS: Ṣé ó ti dì?

*Adépéjú ń kọ̀wé…*

*Adépéjú ń kọ̀wé…*

ADÉPÉJÚ: Ó ń gbìyànjú.

PRINCESS: Bàbá mi ò ní mu ọbẹ̀ tútù lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wọn o. Mo ti ní kí wọ́n dín ṣúgà kéèkì yẹn kù.

ADÉPÉJÚ: Ẹ dín in kù dé ibo, mà?

PRINCESS: Kéèkì náà ni o, ìyàwó wa.

11.

Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn àlejò ti ń wọlé. Adépéjú ń se àgbébọ̀ kan tó ti dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ, ó le bíi táyà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó mú ìbẹ́pẹ tútù, ó ré e sínú ìkòkò, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe, bí gbogbo obìnrin Osi ti ń ṣe, kí ẹran líle lè rọ̀.

Ó ré e tán.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìbẹ́pẹ máa ń mú ẹran rọ̀.

Kí ni jẹ́lì?

Ẹsẹ̀ màlúù.

Kí ni ẹsẹ̀ màlúù?

ÌBẸ́PẸ TI JẸ MÀLÚÙ MI!

Igbe yẹn dé ọ̀nà Iloffa. Ọlọ́kadà kan tẹ bíréèkì. Ó ní, "Mà, kí ló jẹ màlúù yín?" Adépéjú ní, "Ìbẹ́pẹ ni!" Ọlọ́kadà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sáré lọ.

(Kò dá ẹni tó ń to àjákù wọ̀nyí lójú pé ọlọ́kadà náà dúró. Ṣùgbọ́n ó dùn kó dúró.)

8, LẸ́Ẹ̀KEJÌ

✗ Ìbẹ́pẹ ✗

Agbáyun. Gún un. Dà á sínú ìkòkò tó ń hó.

Ìyókù wà bó ṣe wà.

12. ORÍKÌ TÍ ADÉPÉJÚ KÌ NÍGBÀ TÓ ṢÍ KÚLÀ NÍ ÀÁRỌ̀ ÀBÁMẸ́TA

Ó dì!

Gbọ̀nrìgbọ̀nrì, ọmọ ẹsẹ̀ màlúù,

Abara-dídán bí ojú odò ní ìdájí,

Ẹsẹ̀ tó ti òkè ọya rìn wá sọ́dọ̀ wa,

tó rìn, tó rìn, tí kò mọ ijó,

ìgbà tó di omi tán ló wá kọ́ ijó.

A fi ṣíbí kàn ọ́, o jó fún ṣíbí.

A mí sí ọ lára, o jó fún èémí.

Má wó lójú Princess.

Má wó lójú mi.

13. NÍ ILÉ ÌDÁNÁ, ỌJỌ́ KAN NÁÀ

ALIMAT: (ó tọ́ ọ wò) Àsítágífúrúlàì!

ADÉPÉJÚ: Kí ló dé?

ALIMAT: Ó kan! Ó kan dé etí! Ojú mi ọ̀tún ò ṣeé là mọ́.

ADÉPÉJÚ: Báwo? Agbáyun ẹ̀kún ọwọ́ méjì ni mo gún sí i! Agbáyun tá à ń jẹ ní kékeré, tí a bá wá fa ọsàn kíkan, bí oyin ni!

ALIMAT: Mi ò rí oyin. Mo rí ikú. Ṣé agbáyun yẹn kù? Fún mi níkan, kí n fi pa ẹnu rẹ́.

(Èso agbáyun kò ju orí ìka lọ, pupa fòò, kóró kan nínú. Alimat jù ú sẹ́nu, ó ń yí i kiri, ó ń ráhùn. Ó tu kóró rẹ̀ dànù. Ó tún wo abọ́ náà tìkà-tẹ̀gbin, ó fi ṣíbí bu díẹ̀, kí ó lè fi hàn Adépéjú bí ojú èèyàn ṣe ń rí tó bá jẹ nǹkan burúkú.)

ALIMAT: (ó tún bu ṣíbí kan)

ADÉPÉJÚ: Alimat.

ALIMAT: (ó bu òmíràn)

ADÉPÉJÚ: Alimat! Sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí!

ALIMAT: Gbé abọ́ yẹn kúrò níwájú mi kí n tó jẹ ẹ́ tán.

ADÉPÉJÚ: Ó dùn?

ALIMAT: Adépéjú, ó DÙN! Ìwọ obìnrin yìí, gbogbo ọmọdé Osi ló mọ̀ pé ẹnu là ń fi agbáyun sí. Ta ló ní kó o lọ sè é?

ADÉPÉJÚ: Mo ti dàgbà jù ni!

(Wọ́n di ara wọn mú. Wọ́n ń fò. Jẹ́lì náà ń fò.)

14. ÌRÒYÌN ÈÈRÀ

Ẹsẹ̀ ògiri. Oyin díẹ̀. Ṣúgà díẹ̀. Jẹ́lì díẹ̀.

Oyin: wọ́n ti dé.

Ṣúgà: wọ́n ti dé, wọ́n ń pe ará ilé wọn.

Jẹ́lì: ọ̀kan wá. Ó fi ìwo kàn án. Ó kọjá lọ sídìí ṣúgà.

Adépéjú kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Halelúyà. Halelúyà. Halelúyà.

15. ÌWÉ TÍ A LẸ̀ MỌ́ ILẸ̀KÙN Ẹ̀YÌNKÙLÉ

Ẹ̀YIN ỌMỌ ÀLEJÒ. Ẹ ti jẹ agbáyun tán lórí igi. Ẹyọ kan ló kù. TI BÀBÁ NI. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, Ọlọ́run ń wò ó. Èmi náà ń wò ó.

Ẹ̀yin ẹyẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

16. ỌJỌ́ ÀÌKÚ

Kéèkì Princess ga. Ó funfun. Ó ní òdòdó. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni ń ya ìyàwó.

Abọ́ Adépéjú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré, pupa. Ẹnì kan kàn tábìlì, abọ́ náà gbọ̀n.

Bàbá rí i. Ojú rẹ̀ là bí ojú ọmọ ọwọ́.

Adépéjú kúnlẹ̀, ó fi agbáyun náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sẹ́nu, sà. Ẹ yí i kiri dáadáa. Mo fẹ́ kì yín ná." Ó bẹ̀rẹ̀:

*Àjàmú, a-kọ-ebè-bí-òkè,*

*ọkọ uṣu, ọ̀rẹ́ òjò,*

*ẹlẹ́sẹ̀ tó mọ gbogbo ọ̀nà oko lórúkọ,*

*ẹsẹ̀ yín á gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ,*

*ẹsẹ̀ méjèèjì, Bàbá mi, méjèèjì ni mo wí.*

Ìgbà tó kì í tán, kóró agbáyun nìkan ló kù lẹ́nu Bàbá. Ó yọ ọ́. Ó mú ṣíbí. Jẹ́lì náà jó lórí ṣíbí láti abọ́ dé ẹnu.

Ó gbé e mì.

Princess ò mí. Alimat, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ò mí.

"Ó dùn," Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Omi ti wà lójú rẹ̀. "Yé è. Ó dùn, ó sì ń gbọ̀n."

Ariwo sọ! Ìlù ṣọ́ọ̀ṣì tí kò yẹ kó tíì dún dún. Adépéjú ń jó lórí eékún.

Bàbá na ọwọ́.

"Princess ọmọ mi, gé kéèkì."

Ìlù dúró.

"Gé e fún àwọn èèyàn. Gé tèmi náà."

Ó gbé tirẹ̀ lé orí ẹsẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó fa áńkáṣífù jáde, ó di nǹkan sínú rẹ̀, ó fi sápò agbádá. Ìgbà tó yíjú padà, kò sí nǹkan kan lórí àwo.

17. LÓRÍ FÓÒNÙ

PRINCESS: Ìyàwó wa. Kí ni Bàbá dì?

ADÉPÉJÚ: Mi ò rí i, mà. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn.

PRINCESS: Wọn ò jẹ kéèkì mi. Mi ò rí kí ẹnu wọn mì.

ADÉPÉJÚ: Wọ́n lè tọ́jú ẹ di ọ̀la.

PRINCESS: Ọmọ kékeré kan lè ti jí i nínú àwo.

ADÉPÉJÚ: Kóró agbáyun náà ò sí nílẹ̀. Mo wá a.

PRINCESS: Adépéjú.

ADÉPÉJÚ: Mà.

PRINCESS: Jẹ́lì yẹn dùn. Mo fẹnu kàn án láìjẹ agbáyun. Ó kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn.

18.

Àárọ̀ Ajé. Bàbá wà ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi agbáyun, pẹ̀lú ọkọ́ kékeré. Ó ti gbẹ́ ihò kan, kò jìn.

Tó bá jẹ́ kóró ló wà nínú áńkáṣífù yẹn, igi rẹ̀ á pẹ́ kó tó so. Bàbá mọ̀. Àgbẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ kéèkì ni, a jẹ́ pé kò jẹ ẹ́…

Adépéjú dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, etí ìró rẹ̀ wà láàárín eyín. Kò wo ọwọ́ Bàbá. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá ń tú ìdì náà.

19. ÌRÒYÌN ÈÈRÀ

Ọ̀kan jáde.

Ó dúró.

Ó gbé ìwo sókè.