Ìpara Tí Kò Tó Ìbejì

Ní Ìgbó-Ọrà, ẹni tó bá ra bàtà fún Táyé tí kò ra fún Kẹ́hìndé, ìjà ló fowó ara rẹ̀ rà. Kò sẹ́ni tó ń jókòó kọ́ ọmọ ìlú náà ní èyí. Inú ọmú ni wọ́n ti ń mu ún. Nítorí náà, nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ọláyẹmí ní ìpara tó kù lọ́wọ́ òun kò lè tó ju ọmọ kan ṣoṣo lọ, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Ìyá Àkíbù fajú ro bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù sí lára láàárọ̀ kùtù.

Ìyá Àkíbù ni ìyá ọkọ Mùnírátù. Mùnírátù ló bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì, ní ọdún 1994, lásìkò tí wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí. Ọjọ́ tí wọn yóò dá abẹ́ fún àwọn ọmọ náà ti dé tán, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba ìyá wọn gidigidi. Ó ti rí ti Búrẹ́mọ̀, àkọ́bí rẹ̀. Olóòlà ló dá abẹ́ fún ìyẹn lẹ́yìnkùlé, ọmọ náà sì ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mùnírátù sá lọ sílé kejì, ó fi ìborùn di etí, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tuntun kì í rántí. Ó lè jẹ́ lóòótọ́ pé ọmọ kì í rántí, ṣùgbọ́n ìyá ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ìpara kan wà tó ń mú kí ojú ara kú kí abẹ tó kàn án. Dókítà kan tó máa ń ti Ìbàdàn wá ló kó o wá, nínú túùbù kékeré kan tó jọ ti ọṣẹ ìfọyín. Wọ́n ti lò ó fún àwọn ọmọ mìíràn, túùbù náà sì ti fún pọ̀ tán.

“Ẹ fi sójú ibẹ̀ kó nípọn,” Nọ́ọ̀sì wí fún Mùnírátù àti Ìyá Àkíbù nílé ìwòsàn, “ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ọmọ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ abẹ lára. Ṣùgbọ́n ó ti kù díẹ̀. Ká fi ṣe ti ọ̀kan lọ́la. Dókítà ń bọ̀ níparí oṣù, ká wá ṣe ti èkejì nígbà náà.”

Ìyá Àkíbù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Nọ́ọ̀sì, ọmọ ibo lẹ wà ná?”

“Ọmọ Ẹ̀rúwà ni mí, Màmá.”

“Ẹ̀rúwà náà ń bí ìbejì, ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé, ọjọ́ kan náà la ó dá abẹ́ wọn.”

“Ṣé a ò kúkú lè dúró de Dókítà fún àwọn méjèèjì, Màmá?” Mùnírátù béèrè.

“Ní agboolé wa, òṣùpá tuntun kì í lé bá ọkùnrin tí a ò tíì dá abẹ́ fún, yóò sì ti lé kí Dókítà tó dé. O bá a bẹ́ẹ̀, a ò sì ní í torí tìẹ yí i padà. Nọ́ọ̀sì, ẹ pín in sí méjì.”

“Bí a bá pín in, kò ní í ran ẹnì kankan nínú wọn lọ́wọ́. Bó bá ti fẹ́lẹ́, asán ni.”

“Asán náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jẹ ẹ́!”

Nọ́ọ̀sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn jáwọ́ lọ́rọ̀ àgbà. Ó fún gbogbo ìpara tó kù sínú ọ̀rá pénpé kan, ó dì í, ó nà án sí Mùnírátù. “Ìyá Ìbejì, ẹ fi sí wọn lára nílé kẹ́ ẹ tó máa bọ̀. Àwọn aláboyún máa kún ibí lọ́la, mi ò ní í ráyè.” Ó kọ́kọ́ wò ó lójú díẹ̀, kó tó jọ̀wọ́ ọ̀rá náà fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àkíbù wà lẹ́yìnkùlé, ó ń dáná omi. Mùnírátù tẹ́ àwọn ọmọ náà sórí ẹní, ó tú ọ̀rá. Ìpara funfun ni, kò ju ohun tí ìka méjì lè kó lọ. Ó fi ìka là á láàárín, ó wo apá kìíní, ó wo apá kejì. Kò sí èyí tó jẹ́ nǹkan nínú wọn. Ó dà wọ́n pọ̀ padà.

Táyé sanra. Bó bá gbá ọmú mú, àfi kéèyàn já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bó bá mu díẹ̀ á sùn lọ, ẹkún rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ológbò lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn ni Mùnírátù ti ń fi etí sí imú rẹ̀ wò bóyá ó ń mí. Bí Búrẹ́mọ̀ tó ki pọ́pọ́ bá lè ké títí ohùn fi há, eléyìí lè ké kó má lè mí mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Ó kó gbogbo ìpara náà lé Kẹ́hìndé lára, ó fi ọ̀rá bò ó.

Ó wá gbọ́ ìró bàtà Ìyá Àkíbù. Igbá òrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó yọ díẹ̀ níbẹ̀, ó fi sí ti Táyé, ó fi ọ̀rá bo òun náà.

“O ti ṣe é?” Ìyá Àkíbù yọjú.

“Mo ti ṣe é, Màmá.”

“Àwọn méjèèjì?”

“Àwọn méjèèjì.”

Ẹ má pè é nírọ́ pátápátá. Irọ́ tó wọṣọ ni.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Táyé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, torí Táyé ló ń ṣíwájú nínú ohun gbogbo. Nọ́ọ̀sì ṣí ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ta ni kò mọ òórùn òrí? Ó gbójú sókè wo Mùnírátù. Ìyá Àkíbù wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé Kẹ́hìndé sítan.

“Ìyá Ìbejì,” Nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, “ṣé kí n máa ṣe é lọ?”

Mùnírátù mọ̀ pé bí òun bá lanu sọ ọ́ báyìí, Ìyá Àkíbù yóò ní kí wọ́n nu ti Kẹ́hìndé kúrò, kí wọ́n sì ṣe àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀. “Ẹ máa ṣe é lọ, Nọ́ọ̀sì.”

Ẹkún tó jáde lẹ́nu Táyé le ju ti Búrẹ́mọ̀ lọ. Mùnírátù kò sá lọ́tẹ̀ yìí. Òun gan-an ló di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra. Òun ìyá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún abẹ.

Lójijì ni Kẹ́hìndé náà bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ọmọ ológbò tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Igbe ni, gbogbo ara rẹ̀ sì pọ́n.

“Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án o!” Ìyá Àkíbù pariwo.

Wọ́n gbé e sórí tábìlì bẹ́ẹ̀, tòun tẹkún. Abẹ kàn án, ẹkún rẹ̀ kò lọ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ta. Ìgbà tí Mùnírátù ti ọmú bọ Táyé lẹ́nu tí ìyẹn dákẹ́ ni Kẹ́hìndé náà dákẹ́, Nọ́ọ̀sì kò sì tíì di ojú egbò náà tán.

“Eléyìí ò mọ abẹ lára rárá,” Nọ́ọ̀sì wí. “Ẹkún Táyé ló ń sun.”

Ìyá Àkíbù gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìpara kan náà kọ́ ló wà lára wọn ni? Kí ló dé tí ti Táyé ò ṣiṣẹ́?”

Nọ́ọ̀sì ń ká òwú.

“Òrí ni mo fi sí Táyé, Màmá,” Mùnírátù wí. “Gbogbo ìpara náà ni mo fi sí Kẹ́hìndé.”

Ìyá Àkíbù yíjú sí i. “O yan ọ̀kan.”

“Mo yan ọ̀kan. Ẹ̀rù ló bà mí pé Kẹ́hìndé ò ní í lè fara dà á.”

Ó ti ń retí èébú. Ìyá àgbà náà wo ọrùn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn tí kò ju ọmọ odó ata lọ, ó sì mí kanlẹ̀. “Àwọn ọmọ yìí ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé. Àkíbù náà ò gbọdọ̀ gbọ́. Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́ yín, Màmá.”

Wọ́n kọrí sílé. Ìyá Àkíbù gbé Kẹ́hìndé ṣíwájú, Mùnírátù gbé Táyé tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé wọn, Wúràọlá, aládùúgbò tó ń yan gààrí, gbé igbá tó fi ń yan án sílẹ̀.

“Ẹ kú ewu o, Ìyá Àkíbù! Èwo nínú wọn ló ké jù?”

Mùnírátù dúró sójú kan. Ìyá Àkíbù fa aṣọ bo orí Kẹ́hìndé nítorí oòrùn.

“Àwọn méjèèjì ké,” ó wí. “Kò sí èyí tó ké ju èkejì lọ.”

Ó wọlé lọ, kò wẹ̀yìn. Mùnírátù gbá Táyé mọ́yà lójú títì gbangba, ó sì sunkún.