Elégédé Ìgbà Ogun

Nígbà tí ìjọba ní kí onílé gbogbo dáko kí oúnjẹ lè tó àwọn ọmọ ogun, Verna Haskett hú òdòdó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ohio, ó gbin elégédé. Àṣé ohun tí gbogbo àdúgbò gbìn nìyẹn! Elégédé so títí ó fi sú wọn.

Ní ìdájí, Verna gbé apẹ̀rẹ̀ kan, ó ń yọ́ lọ gbé e sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, aládùúgbò tí kì í kí èèyàn. Àárín títì ló ti ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, òun náà gbé apẹ̀rẹ̀ elégédé dání.

"Ìyáàfin, ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé yín ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ilé yín náà ni."

"Irú olè wo wá ni wá, tó ń kó ẹrù wá fún onílé?"

Pruitt bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ forí lé ilé Verna láti mu kọfí. Kí wọ́n tó débẹ̀, ẹlòmíràn ti kó elégédé dí ẹnu ilẹ̀kùn.