Iná Ìdánwò Nílé Opó

“Tún igi kún un,” ni Firmin wí. “Kò tíì jó tó.”

Èṣùgbàyí alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti igi àyìn méjì sí ẹnu ààrò irin tí wọ́n fi ń yáná náà. Òyìnbó tó ń bójú tó oko ìjọba láyé àtijọ́ ló kó o wá láti ìlú rẹ̀, ní wẹ́wẹ́ nínú àpótí, kí wọ́n tó tò ó pọ̀ mọ́ ògiri pálọ̀. Ọyẹ́ Kétu lásán, òyìnbó ní òtútù fẹ́ pa òun! Nígbà tó ń lọ, ó ta ilé náà fún Jean-Baptiste tó ń se oúnjẹ fún un. Àgbàdo tí Jean-Baptiste àti Ọmọ́wùmí ìyàwó rẹ̀ gbìn ní Odomèta ni wọ́n fi san án tán.

Jean-Baptiste ti kú báyìí. Ọmọ́wùmí wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri náà gan-an, ó ń ṣe opó: kò gbọdọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè. Raphaël, àbúrò olóògbé, ló mú ẹni tó fẹ́ ra ilé wá. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé mọ́ obìnrin lórí, ìgbà wo ló tún máa rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Firmin ni délégé àdúgbò, ojú àti etí ìjọba. Gbogbo ìpàdé ló ti ń bú àṣà àtijọ́ bí ẹni ń bú olè. Ó fẹ́ ilé yìí. Ó fẹ́ ààrò yìí ju ilé lọ. Iwájú rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá láti Kùtọnu á máa jókòó sí lásìkò ọyẹ́, tí wọn á máa mu ọtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní rà á àfi tí òun bá fojú ara òun rí i pé ó ń fa èéfín.

Èéfín ò gba òkè lọ. Ikọ́ sọ lẹ́yìn ògiri.

“Ta nìyẹn?”

“Opó ni,” ni Raphaël wí. “Ẹ má kà á sí.”

“Ọkọ mi,” ohùn kan wá wẹ́lẹ́ láti inú yàrá, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yẹn. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti là. Ẹ̀gbọ́n yín ò dáná síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òyìnbó ti lọ.”

Agathe, ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin, tó gbé àpótí dí ẹnu ọ̀nà, gbá ilẹ̀kùn. “Opó tó ń pariwo! Ṣé ọjà lo wà ni? Àbí o fẹ́ kí wọ́n ní ìwọ lo pa á?”

Ọmọ́wùmí padà sẹ́bàá ògiri. Ó rò ó: bí ààrò bá bàjẹ́, délégé lè má ra ilé mọ́. Ikọ́ nìkan ni wọn ò tíì kà léèwọ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń wú u kíkankíkan, bí ẹni ń pe èèyàn.

“Ihò wà níbì kan,” ni Firmin wí. “Níbo gan-an?”

Èṣùgbàyí fọwọ́ ra ògiri. “Mi ò lè mọ̀ láti ìhín, délégé. Ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ wò ó.”

“Ọkùnrin kì í wọ yàrá opó!” ni Agathe wí.

“Kóun jáde nígbà náà. Èéfín yìí ti ń pọ̀ jù,” ni Èṣùgbàyí wí.

Raphaël wo Firmin. Bí obìnrin yìí bá yọ sí pálọ̀, á sọ ti àgbàdo Odomèta, á sọ ẹni tó sanwó ilé. Firmin náà mọ̀.

“Ẹ má ba àṣà àwọn èèyàn jẹ́,” ni délégé wí. “Kó máa gbá ògiri níbi tó bá ti rí èéfín. Àwa á fàmì sí i níhìn-ín.”

Ọmọ́wùmí gbá ògiri. Èṣùgbàyí fi èédú fàlà síbẹ̀. Opó gbá apá òsì, ó gbá ìsàlẹ̀. Bó ti ń gbá a ló ń rò pé òun ń lé wọn lọ. Ó gbá ibi tí èéfín wà, ó gbá ibi tí kò sí, títí ògiri pálọ̀ fi di abilà.

“Ó ti bàjẹ́ pátápátá,” ni Èṣùgbàyí wí. “Délégé, ẹ lọ wá ilé míì.”

Nínú yàrá, Ọmọ́wùmí gbé ikọ́ mì kó lè gbọ́ ìdáhùn.

Firmin rẹ́rìn-ín. “Kí ló bàjẹ́? Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni kò wúlò. A ó wó o, a ó fi bíríkì tuntun ti ẹ̀yìn irin náà. Raphaël, ìwọ náà gbọ́ bó ṣe gbá ògiri. A ò lè máa pe iye owó àná mọ́.”

“Délégé, ẹ ṣàánú mi!”

“Àbí kí n ní kó jáde wá bá wa dá sí i?”

Raphaël na ọwọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí iná. Èṣùgbàyí ló lọ bu omi wá pa á, nígbà tí kò gbọ́ ikọ́ mọ́.

Ọmọ́wùmí kò kú. Ohun tí Raphaël máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn tí wọ́n bá bi í. Abà kan létí oko olóko ní Adakplamè ló ń gbé báyìí, òun àti ikọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba kó àwọn ará oko jọ sínú gbọ̀ngàn kan ní Kétu. Firmin na ìkúùkù sókè, ó ké igbe ìjọba ní èdè Fọn, pé ayé ti yí padà.

“Ehuzu!”

“Ehuzu dandan!” ni gbọ̀ngàn dáhùn.

“A ò ní gbà mọ́ kí wọ́n ti obìnrin mọ́lé nítorí pé ọkọ rẹ̀ kú! Kí opó jáde! Kí opó sọ̀rọ̀!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí àtẹ́wọ́ ti rọlẹ̀, ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, kò sì tán. Firmin dúró. Ó mọ ikọ́ náà.

“Ìyá yẹn ò jẹ́ ká gbọ́ra,” ó ní. “Ẹ mú un kúrò níbẹ̀.”

Raphaël dìde ní ìlà iwájú, tòun ti káàdì tuntun ti ẹgbẹ́ ìjọba lápò àyà. Ó di obìnrin náà lápá mú.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “dìde. Wọ́n ní kó o jáde.”