Ohùn Ẹni Tó Jí

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín: ìyá aránṣọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjàngbọ̀n yìí wọlé. Òun ló bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wá jókòó ti òun, kí wọ́n jọ wo tẹlifíṣọ̀n, kó yéé fọwọ́ pa ọrùn kiri inú ilé bí ẹni tó sọ ẹ̀gbà ọrùn nù. Ọjọ́ Àìkú ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Apá tó gbẹ̀yìn nínú eré "Ìrìnàjò Ọgọ́rùn-ún Ọdún" ni wọ́n fẹ́ gbé jáde, eré tí tọkọtaya yìí ti ń bá bọ̀ láti bí ọdún mẹ́ta, tí wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá àwọn sọ̀rọ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀túnla ọjọ́ náà, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ.

Gẹ̀gẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ lọ́rùn bàbá náà, kékeré báyìí, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àfi bó ṣe di ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi sínú. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ á máa dún fín-ín fín-ín. Dókítà fi àwòrán hàn wọ́n, ó ní ó ti ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun, wọn kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn. Dókítà yìí kì í purọ́ tu èèyàn nínú, ó tún ní iṣan ohùn wà nítòsí ibi tí àwọn máa gé. Ohùn lè há. Ó lè yí padà fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè má padà sí bó ṣe wà mọ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, torí ohùn ni bàbá yìí fi ń jẹun. Òun ló ń kéde ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì ti ń ṣe é fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n ń pè é, títí kan àwọn tí kò rí ojú rẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ sí ibùdókọ̀, sípíkà ibẹ̀ sì ń dún wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà kedere. Obìnrin yìí kò ra aago sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti ní, "Ọkọ̀ aago méjì ti wọlé sójú irin kẹta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún sẹ́yìn," á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì, á lọ jẹun.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, ìtàn rẹ̀ kò le rárá. Igba èèyàn ló wọ ọkọ̀ ojú sánmà, wọ́n ń lọ sí ayé mìíràn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni ìrìn náà, torí náà wọ́n fún gbogbo wọn lóògùn oorun, wọ́n sì tẹ́ wọn sínú àpótí onígíláàsì. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, wọ́n gúnlẹ̀, àpótí ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnjiníà ọkọ̀ náà jí, ó nara, ó rẹ́rìn-ín sí ìyàwó rẹ̀ tó ti jí ṣáájú, ó sì la ẹnu láti kí i. Ohùn tó jáde kì í ṣe tirẹ̀. Nǹkan kan tó ń gbé inú òkùnkùn lọ́hùn-ún ti wọ inú rẹ̀ nígbà tó ń sùn. Ìyàwó náà kò pariwo. Ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tì í síta, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ibẹ̀ ni eré parí sí, orúkọ àwọn òṣèré sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Yéè! Mo mọ̀! Ṣebí mo sọ fún yín láti oṣù tó kọjá pé oorun yẹn kì í ṣe oorun lásán!" Ìyá aránṣọ ń fọwọ́ lu itan. Ìgbà tó yíjú sí ọkọ rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú bàbá náà ti funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí.

"Mi ò lọ mọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ ò lọ síbo?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ fún mi lóògùn oorun."

Ìyá aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta! Eré lásán-làsàn! Ẹnjiníà yẹn ti bọ́ aṣọ eré, ó ti gba ilé rẹ̀ lọ, ẹ wá jókòó síbí ẹ̀ ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣé mo gọ̀ ni? Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, bí mo bá jí, tí ohùn mi ò sì jẹ́ tèmi mọ́, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé èmi ni?"

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la ti jọ wà! Bẹ́ ẹ bá jí tí ẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́, màá mọ̀ yín. Màá já ewé fún yín."

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò rántí ìyẹn nígbà tó ń fi tirẹ̀ ṣeré.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ tíṣà gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá bá wọn. Bàbá kò di ẹrù. Ó jókòó sí kíṣìnnì, ó káwọ́ gbera.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé eré orí tẹlifíṣọ̀n ló máa pa yín ni, àbí gẹ̀gẹ̀?"

"Màá lọ," ni bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí sílẹ̀ ná."

Ẹ̀rí wo? Ó gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó kéde ọkọ̀ àárọ̀, ó kéde ti ọ̀sán, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn èrò nítorí ọkọ̀ tó pẹ́. Ó kí ìyàwó, ó kí ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín sínú rẹ̀, ó wúkọ́ sínú rẹ̀. "Bí ẹni tó jí bá sọ pé òun lèmi," ni ọ̀rọ̀ tó fi kádìí rẹ̀, "ẹ fi wé eléyìí."

Ìyá aránṣọ ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì ní yàrá kejì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ibẹ̀ pé kó má gbàgbé láti sín. Ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ló ká lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò dọ́gba, òun tó jẹ́ pé aṣọ ló fi ń jẹun. Ẹ̀rù ti ń bà á. Bí wọ́n bá fi oògùn mú un sùn tí kò jí, òun ló tì í lọ. Bó bá sì jí ńkọ́? Ó gé ìrònú náà níbẹ̀, ó fa sípù báàgì pa.

Ilé ìwòsàn mọ́ tónítóní, ó sì tutù. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fún bàbá, ó ní kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Nígbà tí wọ́n tì í dé ẹnu ilẹ̀kùn ibi tí ìyàwó kò gbọdọ̀ kọjá, ó gbé orí sókè.

"Má tì mí síta o," ló wí.

"Ẹ máa lọ jàre, aláwàdà."

Kì í ṣe àwàdà. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wọn tíṣà ní láti padà sí kíláàsì rẹ̀, ó fi fóònù sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí dókítà lè rí ẹni pè. Wákàtí mẹ́rin ni ìyá aránṣọ fi jókòó sórí àga onírin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ẹlòmíràn ì bá gbàdúrà, ẹlòmíràn ì bá sùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò ní aago míì láyé ju ohùn ọkọ rẹ̀ lọ, báwo ló ṣe máa jókòó sínú ìdákẹ́rọ́rọ́? Ó ki okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn fóònù bọ etí, ó tẹ fóònù. "Ọkọ̀ aago méjì ti wọlé sójú irin kẹta." Àyà rẹ̀ balẹ̀. Bó ti parí, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó mọ ibi tó ti mí, ó mọ ibi tó ti rẹ́rìn-ín. Nígbà tí dókítà fi máa jáde wá sọ pé gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, ohùn náà ti kún inú etí rẹ̀ dé ẹnu, kò sí àyè fún òmíràn.

Wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì lọ́rùn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lápá. Ó jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná. Nígbà tó yá, bàbá lajú, ojú náà wá a kiri, ó rí i, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi," ló wí.

Yéè, ẹ̀yin èèyàn mi! Ohùn wo nìyẹn? Afẹ́fẹ́ ni ìdajì rẹ̀, ìdajì yòókù ń ha bí ẹni ń wọ́ páànù lórí sìmẹ́ńtì, kò nípọn, kò ga, kò jọ ti ọkùnrin kò jọ ti obìnrin. Gbogbo ara ìyá aránṣọ bù máṣọ, orí rẹ̀ wú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ti dìde. Àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí ọpọlọ rẹ̀ máa fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sì ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé.

"Ẹ má bínú, mo kọsẹ̀ ni," ni ìyá aránṣọ wí. Ó gbé àga dìde, ó padà wá jókòó. Kò kọsẹ̀ rárá.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ó bá dókítà sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí, ó bá ọ̀gá ibùdókọ̀ sọ pé òun ò tíì mọ̀ bóyá òun á padà síṣẹ́. Ìyá aránṣọ á wà ní kíṣìnnì, á máa gbọ́ ohùn àjèjì náà láti pálọ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni pé olè wà nínú ilé. Bó bá ti yọjú, ohùn á dákẹ́. Bàbá á fi ìka tọ́ka sí iyọ̀, á fi orí sọ pé òun ti yó. Kò bínú, kò sì ta nǹkan mọ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á jù. Lóru, bí èémí tó ń lọ geere bá ti kan etí rẹ̀, èémí tí kò dún fín-ín mọ́, á máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ta lèyí tó sùn ti òun. Á tún máa bú ara rẹ̀ pé òmùgọ̀ ni òun.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀sán gangan, agbára rẹ̀ pin. Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó wá sílé, ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Bàbá mi orí.

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ bú mi. Ẹ sọ nǹkan kan fún mi, mo bẹ̀ yín."

Bàbá fa káàdì ilé ìwòsàn sún mọ́ra, ó kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ wà lára ilẹ̀kùn."

Ìyá aránṣọ kà á. Irọ́ pé òun kọsẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ̀rù yín bà mí. Èmi tí mo ní màá mọ̀ yín bẹ́ ẹ bá ké bí ewúrẹ́! Bí mo ṣe jókòó yìí, ẹ̀rù ohùn yẹn ṣì ń bà mí, mi ò lè purọ́. Ẹ ṣáà sọ̀rọ̀. Bí ara mi bá gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó gbọ̀n."

Bàbá kò mirí mọ́. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ jáde.

"Èmi náà," ni ohùn tó ń ha náà wí. "Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí mo bá ń bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ló ń ti inú mi sọ ọ́. Mi ò sì rí ẹni tí màá sọ fún."

Ara ìyá aránṣọ gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, kò dìde.

"Ẹ máa sọ ọ́," ló wí.