Àwòrán Lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, Ohùn Lọ́dọ̀ Àbúrò

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e?"

Lára ògiri yàrá ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin inú sinimá ti panu dé, ó ti jáde nílé ọmọge. Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ òun. Àbúrò ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí, fi ìbínú pa ẹ̀rọ méjèèjì, èyí tó ń gbé àwòrán jáde àti èyí tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù.

Bàbá wọn ló fa gbogbo wàhálà yìí. Sinimá ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín, ti ìgbà tí àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ló ń ṣà jọ bí ẹni ń ṣa wúrà. Àwọn òṣèré á rọ̀ mọ́ ìkòkò òdòdó torí pé ibẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ agbohùn pamọ́ sí, wọ́n á wá máa tú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jáde bí ẹni pé wọn ò ní lẹ́nu mọ́ lọ́la. Ohùn wọn kì í sí lára fíìmù nígbà náà, orí rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ ló máa ń wà. Sinimá ara ògiri yìí nìkan ló kù nínú irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ogún, ẹ̀gbọ́n kó fíìmù, àbúrò kó rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n jà, wọ́n sì yan ara wọn lódì. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ọ̀sẹ̀ yìí ni àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn tọkùnrin tobìnrin lórí ohun tó rò pé orin ni, ló bá gbé e wá bá ẹ̀gbọ́n.

"Ó ti ń jẹrà," ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ibi tó bàjẹ́ ni mo gé, mo so ìyókù pọ̀. Kí ló burú ńbẹ̀?"

"Kí ló burú? Ẹ gé ẹnu, ẹ ò gé ohùn! Rẹ́kọ́ọ̀dù ò mọ̀ pé ẹ gé nǹkan kan, tiẹ̀ ló ń sọ lọ!"

"Má pariwo mọ́ mi! Ta ló ti rẹ́kọ́ọ̀dù bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tá a ti sin bàbá?"

"Ṣé ẹ pè mí ni?"

"Ṣé ìwọ wá kí mi ni?"

Inú bí àbúrò sí ẹ̀gbọ́n, inú bí i sí ara rẹ̀, inú tún bí i sí bàbá tó mọ gbogbo rẹ̀ tó sì kú láìsọ fẹ́nì kan. Ó gbé báàgì, ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Ló bá padà. Ẹ̀gbọ́n ti kúnlẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu fíìmù.

Àbúrò gbé báàgì sílẹ̀.

"Àwọn èyí tẹ́ ẹ gé dà?"

"Wọ́n wà nínú agolo."

"Ẹ gbé wọn wá, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Ká fi wọ́n wọn gígùn fíìmù dúdú tí kò láwòrán, ká gé e, ká sì so ìyẹn sí gbogbo ibi tẹ́ ẹ gé."

"A ò wá ní rí nǹkan kan ńbẹ̀ nìyẹn."

"A ò ní rí i. A óò máa gbọ́ wọn nínú òkùnkùn títí ẹnu á fi bá ohùn." Ó fa àga. "Inú ṣì ń bí mi sí yín o. Ẹ jókòó."