Àǹtí Àga

"Lónìí yìí, ẹni tó bá ní n ò nímú, ojú á tì í!" Bí Àǹtí Àga ṣe ń lẹ páúdà mójú ló ń fọ́nnu. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ yà mí dáadáa o. Ẹ jẹ́ kí eyín mi hàn, gbogbo rẹ̀ pátá!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, onífọ́tò, rẹ́rìn-ín kèé. Láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ni àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí ti ń gbé àwọn ọmọ ọwọ́ lé itan, kí wọ́n má baà mira bí ẹ̀gbọ́n bá ń yà wọ́n. Wọ́n á da aṣọ bò ó látorí délẹ̀, kó lè dà bí àga. Kò sí pálọ̀ kan ládùúgbò tí fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ kò sí lára ògiri, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Adájọ́ tí gbogbo èèyàn ń gbọ̀n fún, itan rẹ̀ ló tọ̀ sí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ọ̀gá báńkì náà, láti kékeré, gé e níka jẹ. Nínú fọ́tò àwọn méjèèjì, àga ni wọ́n ń pè é.

Ó ti bẹ̀bẹ̀ títí. Fọ́tò kan ṣoṣo, kí ojú òun hàn, kí òun tó darúgbó. Àárọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó jókòó, ó na ọrùn, ẹ̀gbọ́n fojú sí kámẹ́rà.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ìyá ọmọ kan já wọlé, ọmọ rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ léjìká. "Ẹ bá mi yà á kíá, kó tó bú sẹ́kún!"

Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Bọ́ sábẹ́ aṣọ, jàre."

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo kọ́kọ́ dé!"

"Ṣé àga náà ń tò sórí ìlà ni?"

Aṣọ balẹ̀ lé e lórí. Ooru. Eruku. Páúdà ń yọ́ wọ ẹnu rẹ̀. Ọmọ náà wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì ń fi gìgísẹ̀ gbá a níkùn. Kò gbọdọ̀ húkọ́, kò gbọdọ̀ họra. Nínú òkùnkùn níbẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń yangàn fún ìyá ọmọ: "Ọwọ́ mi ni, màdáámù! Kò sọ́mọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ fún mi."

Ọwọ́ ta ni?

"Ó yá, má mira!" ni onífọ́tò kígbe.

Àga bọ́ aṣọ sọnù. Kámẹ́rà kọ mànà.

"Èmi ò bẹ̀ yín ní èèyàn méjì o!" ìyá ọmọ lọgun, ó já ọmọ rẹ̀ gbà. "O ti bà mí jẹ́!" ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo, bó ṣe ń lé àbúrò rẹ̀ yí kámẹ́rà ká. "Ẹ lọ fọ fọ́tò náà," ni Àǹtí Àga ń dáhùn bó ṣe ń sá, "ẹ lọ fọ̀ ọ́ ká wò ó!"

Nígbà tí fọ́tò jáde, tó ṣì ń kán omi tótó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn. Òun nìyẹn, ẹnu gbàyàù, páúdà rúdurùdu, ojú ń tàn bí ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n. Omi bọ́ lójú Àǹtí Àga. Ẹ̀gbọ́n pàápàá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àbúrò òun jọ ìyá àwọn tó báyẹn.

Ìyá ọmọ gba fọ́tò, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ọmọ mi dijú," ó ní. "Ẹ tún un yà."